Kí Àwáwù Tó Wọ Ọkọ̀ Òkun

Ẹ̀rù kankan ò ba Àwáwù nígbà tí lẹ́tà Mọ́ládé kọ́kọ́ dé. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀, torí pé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà di ariwo tán, ohun tí gbogbo agboolé ń sọ kiri ni pé ojo ni obìnrin náà. Kì í ṣe ojo. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ta aṣọ òfì. Ó ti gbé aṣọ dé Ìlọrin, ó ti gbé e dé Kánò, ó ti sùn lórí ẹrù nínú ọkọ̀ akẹ́rù láàrin àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, ó sì délé láyọ̀. Bí ẹ̀rù bá wá ba irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ló gbé e wá fún un.

Ẹni tó gbé e wá ni Ládòkun, ọkọ rẹ̀.

Ó ti tó ọdún kan tí ogun abẹ́lé ti parí. Ọyẹ́ ń mú, ètè gbogbo èèyàn Ìsẹ́yìn ló ń bó. Ládòkun jókòó sídìí òfì rẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, ó ń hunṣọ, nígbà tí wọ́n mú lẹ́tà náà dé láti pósọ́fíìsì. Ó kàwé dé kíláàsì kẹrin kí bàbá rẹ̀ tó fà á padà sídìí òfì, nítorí náà òun ló ń ka lẹ́tà fún gbogbo ilé. Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó kà á sókè. Mọ́ládé, àkọ́bí wọn tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lífápúùlù, ti bí ọmọkùnrin. Tó bá di oṣù karùn-ún, ó gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó fẹ́ kí màmá òun wá bá òun tọ́jú ọmọ fún ọdún kan. Ayọ̀dèjì, ọkọ rẹ̀, ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Kì í ṣe ti ọkọ̀ òfuurufú, torí pé ìyẹn kì í jẹ́ kéèyàn kẹ́rù, èlùbọ́ àti gàrí àti irú sì ń wù wọ́n í jẹ. Ti ọkọ̀ ojú omi ni. Apápá ni yóò ti gbéra lópin oṣù kẹrin, ọjọ́ mẹ́tàlá ni yóò sì fi rìn.

"Ọjọ́ mẹ́tàlá," Ládòkun wí. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Lórí omi, Ìyá Mọ́ládé."

"Mo gbọ́," Àwáwù dáhùn. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. "Ṣé àpò èlùbọ́ kan á tó, àbí ká di méjì?"

Ládòkun ò sọ̀rọ̀ èlùbọ́. Ó ká lẹ́tà náà, ó tún tú u, ó tún ibi tí ọjọ́ mẹ́tàlá wà kà, bí ẹni pé ó lè ti dín kù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí Àwáwù ṣe ń gbálẹ̀, ó wá dúró tì í.

"O ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́," ó ní.

"Ta ló mọ̀ ọ́n ní Ìsẹ́yìn?"

"Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn."

"Ṣé èmi ni mo máa lúwẹ̀ẹ́ dé ìlú òyìnbó ni, Bàbá Mọ́ládé? Kí ni wọ́n wá ń fi ọkọ̀ ṣe?"

Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán síbẹ̀. Kò tán. Ojoojúmọ́ ni Ládòkun ń jí bá a pẹ̀lú ìbéèrè tuntun. Tí omi mímu bá tán ńkọ́, ṣebí oníyọ̀ ni tòkun? Tí ẹni tó ń wa ọkọ̀ bá sùn lọ ńkọ́? Tí wọ́n bá ṣìnà, ta ni wọ́n máa bi léèrè? Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, ó gbé baàfù omi síwájú Àwáwù nídìí ààrò, ó sì mú ìṣó kan jáde lápò.

"Ìṣó rèé," ó ní. "Irin ni." Ó jù ú sómi. Ìṣó náà lọ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "O rí i? Ìṣó kékeré lásán. Irin ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ yẹn látòkè délẹ̀. Jẹ́ẹ́dé ọ̀rẹ́ mi ló sọ fún mi. Ó ní ó gùn ju láti ibí dé mọ́sálásí lọ."

Àwáwù wo ọkọ rẹ̀, ó wo ìṣó. "Omi tí mo fẹ́ fi rokà nìyẹn," ó ní. "Ẹ yọ ìṣó yín níbẹ̀ kí n tó bínú."

Ó rokà náà, wọ́n sì jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń da èlùbọ́ sínú omi, ó rí i pé ìsàlẹ̀ ìkòkò ni ojú òun ń wò, ibi tí èlùbọ́ ń rì lọ. Ọjọ́ náà ni ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á, ohun tó sì dùn ún jù ni pé ìṣó ló ṣe é.

Nígbà tí Ládòkun rí i pé ìyàwó òun ò jẹun dáadáa mọ́, ó ní òun máa wá ẹni tí yóò fi í lọ́kàn balẹ̀. Ẹni tó mú wá ni Jẹ́ẹ́dé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan náà. Jẹ́ẹ́dé wà lára àwọn sójà tó lọ ja ogun Bọ́mà, òun nìkan ló sì ti wọ ọkọ̀ òkun rí ní gbogbo àdúgbò wọn. Ó jókòó, wọ́n gbé obì síwájú rẹ̀, ó bù ú jẹ, ó nu ẹnu.

"Ìyàwó wa, kò sóhun tó le níbẹ̀," ó ní. "Fọkàn balẹ̀ pátápátá. Bí ìgbà téèyàn bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni. Àwa tí ò ń wò yìí, ó lé lóṣù kan tá a fi wà lórí omi. Nígbà tí ọkọ̀ tó wà níwájú tiwa rì..."

"Ọkọ̀ wo ló rì?" Àwáwù bi í.

"Ìyẹn, ogun ló fà á. Àwọn ọ̀tá ló yìn ín níbọn. Má jẹ́ kíyẹn dùn ọ́. Tìrẹ ò lè rì, àfi tí ìjì bá jà. Ìjì náà kì í sì í pẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin. Èèyàn á kàn di nǹkan mú ni. Àwọn méjì tó kú nínú tiwa, èébì ló pa wọ́n, kì í ṣe omi."

"Níbo lẹ sin wọ́n sí?"

Jẹ́ẹ́dé wo Ládòkun. Ládòkun ń wo ilẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé kò sílẹ̀ níbẹ̀," Jẹ́ẹ́dé wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Àwáwù dìde. Ó gbé àwo obì kúrò níwájú àlejò, ó gbé e wọ yàrá. Ládòkun ké tẹ̀lé e pé ìwàkíwà ni, kí obìnrin máa gbé obì lọ mọ́ àlejò lójú. Àwáwù ti inú yàrá dáhùn pé àlejò tó bá tún wá fi òun lọ́kàn balẹ̀ nínú ilé yìí, ìgbálẹ̀ lòun máa fi kí i káàbọ̀.

Àwọn tó kù ò bẹ̀rù ìgbálẹ̀. Ẹnì kan ní kó mu epo pupa kó tó wọ ọkọ̀. Ẹnì kan ní kó má fi ohunkóhun kan ẹnu. Aya àbúrò ọkọ rẹ̀ ní kó má wo omi rárá. Lọ́jọ́ kejì, ìyá aya náà ní kó má gbójú kúrò lára omi, pé ẹni tó bá gbójú kúrò ni omi ń mú. Oníbàárà kan wá kó aṣọ láti Ìbàdàn, kò sọ̀rọ̀ aṣọ mọ́, ó di ọwọ́ Àwáwù mú, ó ń mi orí. "Ẹ ò mà bẹ̀rù o!" ni wọ́n ń sọ fún un, títí tí òun náà fi ń bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tóun ò tíì bẹ̀rù tó bó ṣe yẹ.

Nígbà tó di àárín oṣù kẹrin, Àríyọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Òkèhò. Ibi tí mọ́tò já a sí ló ti ń sunkún bọ̀, ó káwọ́ lérí, gèlè rẹ̀ wà léjìká. Àwọn ará àdúgbò sá jáde.

"Ta ló kú?" wọ́n bi í.

"Kò tíì sẹ́ni tó kú," Àríyọ̀ dáhùn, ó sì tún bú sẹ́kún.

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò. Ó ń wo àbúrò rẹ̀ bí ẹni ń wo aláìsàn tí dókítà ti fi sílẹ̀. Tí Àwáwù bá wúkọ́, á dárò, tí Àwáwù bá rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ wo eyín rẹ̀, bíi ti ìyá wa." Lọ́jọ́ kẹrin tó fẹ́ padà, ó nu ojú rẹ̀, ó sún mọ́ ọn.

"Aṣọ aláàárì rẹ yẹn," ó ní, "èyí tó o ró níjọ́ ìgbéyàwó Mọ́ládé. Ṣé ò ń gbé e lọ ni?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Má gbé e lọ. Òyìnbó ò mọyì rẹ̀. Fi í sọ́dọ̀ mi. Ìwọ náà mọ̀ pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, àwọn ará ilé ọkọ rẹ ló máa pín in mọ́ra wọn lọ́wọ́."

Àwáwù dìde. Ó wọlé, ó gbé aṣọ náà jáde, ó kó o sínú àpótí ìrìn-àjò lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó tì í.

"Tí mo bá máa kú sómi," ó ní, "màá ró o kú ni."

Lọ́jọ́ náà gan-an, lẹ́yìn ìrun Ásárì, ó gba ilé Àlùfáà Ràmọ́nì lọ. Ó jókòó, ó ṣàlàyé ara rẹ̀, ó sì ń retí kí ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ ìtàn tirẹ̀. Àlùfáà náà fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Mi ò dé òkun rí," ó ní. "Mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àdúà tí wọ́n ń ṣe tí wọ́n bá wọ ọkọ̀ omi ni mo mọ̀. Ṣé kí n kọ́ yín?"

"Ẹ kọ́ mi."

Ó kọ́ ọ, ó ní kó kà á padà, ó tún un ṣe níbi tó ti ṣì í. Kò gba àkókò rárá.

"Ṣé ó tán?" Àwáwù bi í.

"Ó tán."

"Ẹ ò ní sọ fún mi pé kí n má bẹ̀rù?"

"Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ ò ní bẹ̀rù mọ́?"

"Màá ṣì bẹ̀rù."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Àlùfáà Ràmọ́nì ní, ó sì béèrè bóyá wọ́n ti rí òjò níhà oko wọn.

Àwáwù padà sílé pẹ̀lú ọkàn fífúyẹ́. Ó ń ka àdúà náà bó ṣe ń rìn, bẹ́ẹ̀ ló ń kà á nígbà tó ń se ọbẹ̀. Ó sùn dáadáa lọ́jọ́ náà, ó tún sùn dáadáa lọ́jọ́ kejì, títí di ìgbà tí Ládòkun fi gbé igbá wọlé.

Igbá ọ̀hún tóbi tó ẹnu kànga. Ládòkun rù ú láti ọjà, ó gbé e sílẹ̀ láàrin ilé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Láyé àwọn bàbá wa," ó ní, "irú igbá yìí ni wọ́n fi ń gbé èèyàn sọdá odò Ògùn. Kì í rì. Tí ọkọ̀ bá dojú dé, wàá kàn dì í mú."

"Inú ọkọ̀ òyìnbó ni kí n gbé igbá wọ̀?"

"Kò wúwo."

"Bàbá Mọ́ládé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀."

"Ká kàn lọ dán an wò lódò. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́."

Tìtorí "mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́" yẹn nìkan ni Àwáwù fi gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wọ ọkọ̀ àwọn tó ń lọ oko, igbá wà lórí itan Ládòkun, gbogbo èrò sì ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi gbé. Ládòkun ń ṣàlàyé fún wọn. Àwáwù kọjú síta.

Òjò ò tíì rọ̀ tó nǹkan lọ́dún náà. Nígbà tí wọ́n dé odò, omi náà ò ju orúnkún lọ. Àwọn obìnrin kan ń fọṣọ lórí àpáta lọ́wọ́ ìsàlẹ̀. Ládòkun gbé igbá sómi, igbá léfòó. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ tìṣẹ́guntìṣẹ́gun.

"Ó yá, gùn ún."

"Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ gùn ún kí n wò yín."

Ládòkun ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Ó rọra fi àyà lé igbá, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó wá gbé èkejì. Igbá náà yọ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀ bí ọṣẹ, Ládòkun sì ṣubú sódò gbì! Fìlà rẹ̀ bá tirẹ̀ lọ. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lu omi, ó ń ké.

"Mo kú o! Àwáwù! Àwáwù, gbà mí!"

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Mọ́ládé, kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Àwáwù bọ́ sómi tòun ti bàtà, ó gbá a mú ní ọrùn bùbá.

"Ẹ dìde dúró."

"Mò ń rì!"

"Bàbá Mọ́ládé, mo ní kẹ́ ẹ dìde dúró!"

Ó dìde. Omi dé orúnkún rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ ti jókòó sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Igbá ń bá omi lọ ní tirẹ̀, kò sẹ́ni tó lé e.

Wọ́n jókòó sórí òkúta nínú oòrùn kí aṣọ wọn lè gbẹ. Àwáwù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń wo bàtà rẹ̀ tó ti bàjẹ́, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i.

"Oṣù mẹ́ta," ó ní. "Oṣù mẹ́ta gbáko. Ìṣó. Jẹ́ẹ́dé. Igbá. Ó ti sú mi! Ṣé ẹ ò fẹ́ kí n lọ ni? Ẹ là á mọ́lẹ̀ fún mi, kí n ránṣẹ́ sọ́mọ pé bàbá rẹ̀ ò gbà."

Ládòkun ń fún omi kúrò lára aṣọ rẹ̀.

"Mo fẹ́ kó o lọ," ó ní. "Mo fẹ́ kó o lọ gbé ọmọ yẹn fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó o máa ń lọ Kánò, mo mọ ọ̀nà. Bàbá mi mú mi rìn ín nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Tí mo bá jókòó sídìí òfì, màá máa sọ lọ́kàn mi pé, wọ́n ti dé Jẹ́bà báyìí. Tó bá di ọ̀sán, màá ní, wọ́n ti kọjá Mọ́kwà, wọ́n á máa jẹun. Mo máa ń bá ọ dé ibẹ̀ ni. Òkun yìí, mi ò mọ ibì kankan lórí rẹ̀. Tó o bá ti kúrò ní Apápá, ibo ni kí n sọ pé o dé?"

Àwáwù ò mọ̀ rí pé ọkọ òun máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n ti jọ ń gbé. Ó wo ọkùnrin náà, bí orí rẹ̀ tí kò ní fìlà ṣe kéré.

"Ẹ̀rù tó ń bà yín, ẹ wá ń dà á lé mi lórí," ó ní.

"Mo rò pé tá a bá pín in, á dín kù."

"Kò dín kù. Ó di méjì ni."

Wọ́n dúró de mọ́tò. Nínú mọ́tò, èrò kan bi wọ́n pé igbá wọn dà. Àwọn méjèèjì kọjú síta.

Ládòkun gbìyànjú láti mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Fún ọjọ́ márùn-ún, kò sọ̀rọ̀ omi. Ọkọ̀ tó gbé wọn dé Èkó ń yọ èéfín, ó dúró nígbà mẹ́rin lọ́nà, Ládòkun ò sì sọ̀rọ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n dé Apápá, tó rí ọkọ̀ náà níbi tó wà, funfun, tó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Ó dúró sójú kan. Ó la ẹnu.

"Ẹ má sọ ọ́," Àwáwù ní.

"Mi ò sọ nǹkan kan."

Wọ́n gba àwọn tó wá sìn èèyàn láàyè láti wọ inú ọkọ̀ fúngbà díẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cornelius, ọmọ Àgbádárìgì tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀, ló mú wọn dé yàrá tí Àwáwù máa sùn. Ládòkun fọwọ́ kan ògiri. Ó fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì. Ó bi Cornelius pé ta ló ń wa ọkọ̀ náà, pé ọmọ ọdún mélòó ni, pé ṣé ó níyàwó nílé. Cornelius ń fi sùúrù dá a lóhùn. Ó fi ẹ̀wù kan hàn wọ́n, tó ní kì í jẹ́ kí ẹni tó wọ̀ ọ́ rì. Kí Àwáwù tó ṣẹ́jú, Ládòkun ti gbé e wọ̀, ó ń so okùn rẹ̀ mọ́ ara.

"Ẹ bọ́ ọ sílẹ̀," Àwáwù ní. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń lọ."

Fèrè ọkọ̀ dún, ó mi ilẹ̀ tìtì. Wọ́n ní kí àwọn tó wá sìn èèyàn máa sọ̀kalẹ̀. Ládòkun di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, fèrè tún dún, kò rí i sọ. Ó lọ. Ká sòótọ́, ara tu Àwáwù. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó dùbúlẹ̀, ó fi ìborùn bo orí.

Olúwaṣọlá, ọmọbìnrin kan tó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ́hùn-ún, ni wọ́n jọ wà nínú yàrá náà. Ó kí Àwáwù, ó bi í bóyá yóò fẹ́ jáde lọ wo ìta. Àwáwù mi orí lábẹ́ ìborùn. Ọmọ náà bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nǹkan kan ń kùn nísàlẹ̀, hùùù, hùùù. Ó ti gbéra, Àwáwù rò. Ó ka àdúà Àlùfáà Ràmọ́nì, ó tún un kà. Ó di irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mú. Inú rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sísàlẹ̀. Òógùn bò ó. Ó ti wá dé orí rẹ̀ wàyí, ibi tí kò sí ilẹ̀. Ó nawọ́ gbá abọ́ tí Cornelius fi sílẹ̀, ó sì bì, ẹ̀kọ àti àkàrà tó jẹ láàárọ̀ jáde tán porogodo. Ó dùbúlẹ̀ padà, omijé wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn díẹ̀díẹ̀. Òkun rèé. Ó le bí wọ́n ṣe wí. Òun sì ń fara dà á. Ó wò ó pé ní báyìí, wọn ò ní rí ilẹ̀ mọ́ níta.

Ó tó ìrọ̀lẹ́ kí Olúwaṣọlá tó padà wọlé. Ó gbé ọsàn bíbó mẹ́rin lọ́wọ́.

"Ìyá, ẹ gba ọsàn. Ẹ ò tíì fẹnu kan nǹkan."

Àwáwù ṣí ìborùn lójú. "Ta ló ń ta ọsàn lórí òkun?"

"Òkun kẹ̀, mà? Ìsàlẹ̀ ni mo ti rà á. Wọ́n jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀. Wọn ò tíì kó ẹrù tán látàárọ̀."

"A ò tíì kúrò?"

"A ṣì wà ní Apápá, mà."

Àwáwù wo ọsàn. Ó wo abọ́. "Kí wá ni mo bì sí?" ó ní.

Kò dúró gba èsì. Ó we gèlè, ó fìbínú gun àkàsọ̀ jáde sókè, ó dé etí ọkọ̀, ó di irin mú. Apápá rèé nísàlẹ̀ lóòótọ́. Ilé ẹrù rèé, àwọn tó ń gbé àpò rèé. Ládòkun náà rèé lórí àpótí pákó kan, níbi tí wọ́n ti pínyà gan-an.

"Bàbá Mọ́ládé! Kí lẹ ṣì ń ṣe níbẹ̀?"

Ládòkun fò dìde. "Mò ń dúró kó gbéra!"

"Láti àárọ̀?"

"Wọ́n ní ó kù díẹ̀! Ṣé ara rẹ le?"

"Mo bì!"

"Kí ló dé?"

"Òkun ni!"

Ládòkun wo ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wo àwọn okùn ńlá ńlá tó so ó mọ́lẹ̀. "Ìyá Mọ́ládé," ó ké, "wọ́n ṣì so ó mọ́lẹ̀!"

"Mo ti rí i!"

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé ẹrù sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀. "Màmá, ẹ rọra o! Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ládòkun gbìyànjú láti pa tirẹ̀ mọ́ra, kò lè ṣe é, ó di ikùn mú. Nígbà tí Àwáwù rí i bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, òun náà gbé orí lé irin, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti jọ rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan.

"Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ bi ọ́!" Ládòkun ké nígbà tó yá.

"Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ omi, ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́!"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi! Iyọ̀! Níbo lo máa ń kó iyọ̀ sí?"

Àwáwù rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. "Iyọ̀ wo?"

"Iyọ̀ ọbẹ̀!"

"Ó wà lẹ́yìn àmù! Nínú agolo!"

"Àmù wo?"

"Èyí tí ẹnu rẹ̀ ti fọ́! Kì í ṣe èyí tá a fi ń pọn omi mímu! Nínú agolo aláwọ̀ ewé!"

"Irú ńkọ́?"

"Ó wà lórí àjà!"

"Àjà ta ni?"

"Yéè! Àjà ilé ìdáná!" Ọ̀fun rẹ̀ ti ń ha. Ọkùnrin tó ń gbé inú ilé kan láti gbogbo ọdún yìí wá! "Ẹ pe ìyàwó Sàlàkọ́ nílé kejì, á fi hàn yín!"

"Ta ni?"

"Ìyàwó SÀLÀKỌ́!"

Ládòkun fi ọwọ́ ti etí. Ó ń sọ nǹkan, Àwáwù ò gbọ́. Ó tẹ̀ síwájú lórí irin. Ọkùnrin náà ń kéré sí i, ó ń sún sẹ́yìn, òun àti àpótí pákó rẹ̀.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?" Àwáwù pariwo. "Mi ò tíì sọ̀rọ̀ ata gbígbẹ! Ẹ dúró, kí lẹ̀ ń lọ fún?"

Olúwaṣọlá rọra fọwọ́ kàn án lápá. "Ìyá," ó ní, "kì í ṣe Bàbá ló ń lọ."

Àwáwù wo ìsàlẹ̀. Omi dúdú tí epo ń dán lójú rẹ̀ ti gba àárín ọkọ̀ àti ilẹ̀, ó sì ń fẹ̀ sí i. Ẹ̀rù dé, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń dé. Ó di irin mú dáadáa, ó jẹ́ kó dé. Ládòkun ń ju ọwọ́ sí i láti etí omi, ó ń jù ú láìdúró, títí tí ilé ẹrù fi gbà á mọ́ ọn lójú. Àwáwù fi etí ìborùn nu ojú. Lẹ́yìn náà ó bi Olúwaṣọlá pé ìgbà wo ni wọ́n ń pín oúnjẹ nínú ọkọ̀ yìí, pé kò sí nǹkan kan nínú òun mọ́.

Òkun ru lóòótọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, ó sì ru fún ọjọ́ méjì. Gbogbo èrò ló bì, Cornelius pàápàá kò yọ sílẹ̀. Àwáwù náà bì, ó fọ abọ́ rẹ̀, ó tún dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹtàlá, òjò wínníwínní ń rọ̀ ní Lífápúùlù nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì gbà pé ilẹ̀ ti dúró. Mọ́ládé sáré pàdé rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, ọmọ wà lápá rẹ̀.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà, Màmá. Báwo lòkun ṣe rí? Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Jọ̀ọ́, Mọ́ládé," Àwáwù ní, ó ti na ọwọ́ méjèèjì, "má bi mí ní ìbéèrè yẹn. Gbé ọmọ yẹn fún mi, kó o dìde nílẹ̀ tútù."